Ohùn Tẹ́nọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Mi

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, ó kú nìyẹn!"

Ìbọn kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì wa dúró lọ́nà Ìfẹ̀wàrà. Ohùn yẹn ni. Ọkùnrin náà fi aṣọ bojú, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tẹ́nọ̀ wa ni, ẹni tó ń kọ ohùn ọkùnrin tó ga.

Akọrin àpapọ̀ ni wá, láti Òṣogbo, Iléṣà, Ìwàrà àti Ìfẹ̀wàrà. Iléṣà la ti máa ń dánrawò ní Sátidé. Wọ́n mú olùdarí wa wọ oko kòkó lọ, wọ́n fi àwa yòókù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá olùdarí sílẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Tẹ́nọ̀ náà wá, ó dúró sí àyè rẹ̀.

"Ẹ kú ewu o, Mọ́mì. Ṣé ẹ rí ojú wọn?"

"Ojú kẹ̀? Ilẹ̀ ni mo ń wò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí a jáde, mo fa obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí a jọ ń kọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í pé àdúgbò wo ni tẹ́nọ̀ yẹn ń gbé ní Iléṣà.

"Iléṣà kẹ̀? Ẹ̀yin ará Òṣogbo lẹ mú un wá! Àbí ó ti sú yín, ẹ fẹ́ tì í sí wa lọ́rùn?"

Nígbà tó wo ojú mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Ta ló wá mú un wá?"

Kò sẹ́ni tó béèrè ilé bàbá rẹ̀ rí. A rò pé ọmọ wọn ni, wọ́n rò pé ọmọ wa ni, ojú sì ń ti oníkálukú láti wádìí àlejò ẹnìkejì. Ohùn rẹ̀ dáa, a fún un láṣọ akọrin.

A lọ sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n ṣì máa lọ síbi ìdánrawò, kó má baà fura. Mo lọ. Ẹ̀yìn mi ń gbóná bí ẹni tó kọ̀yìn sí iná.

Wọ́n mú un, wọ́n mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi ẹnì kan tó sá lọ. Onítọ̀hún wá ń pè mí lórí fóònù: "Olórin, a mọ yàrá rẹ ní Ìgbọ́nà, l'Óṣogbo níbẹ̀." Mo ti fèrèsé pa, mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùdarí wa fúnra wọn kan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti rí ẹni tó kù mú."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Èmi ni mo lọ dá a mọ̀. Òun ló ń ṣọ́ mi nínú igbó."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá wọn yóò rí mi níbi ìdánrawò ní Sátidé. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ́kọ́ bá mi gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú fèrèsé.