Ọjọ́ Tí Mo Lé Erin Bí Ẹni Ń Lé Ẹ̀gà

Mo rántí òórùn rẹ̀ kí n tó rántí erin náà fúnra rẹ̀: òórùn ẹrẹ̀ àti ewé tó ti jẹrà.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Ìlọrin. "Bàbá Kíláàsì" ni àwọn tí a jọ ń kàwé ń pè mí. Nígbà tí wọ́n ní a óò lọ wo ọgbà ẹranko ìjọba, níbi tí erin àti ẹyẹ pọ̀ sí, mo mú ìyàwó mi dání, nítorí ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ rí erin.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Ọkọ̀ aláìlórùlé ló gbé wa dé etí odò, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí a lè wo ẹyẹ. Ẹyẹ funfun bo igi bí òwú. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni abo erin kan ti yọ, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó mi jókòó. Àwọn àgbà ní ajánàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àní mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó na ọwọ́jà síbi gèlè ìyàwó mi.

Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Oyì ni mí. Láti kékeré, bí ẹ̀gà tàbí ohunkóhun bá yọ sí ọkà bàbà wa, páànù la máa ń lù. Kí n tó mọ̀, mo ti ń lu irin ọkọ̀ gbàgàgbàgà, mo ń kígbe. Ẹyẹ fò lọ. Erin kò lọ. Etí rẹ̀ ṣí bí ilẹ̀kùn, ó fọn, ó sì fi orí ti ọkọ̀ títí táyà ẹ̀gbẹ́ kan fi kúrò nílẹ̀. Bisimilláhì pàápàá sọnù lẹ́nu mi. Mo tún gbé ọwọ́ sókè.

Ìyàwó mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Bàbá wọn, ẹ dákẹ́. Àwa la wá bá a nílé."

Mo dákẹ́. Erin wò wá títí, ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀, wọ́n sì lọ. A ti dé Fate ní Ìlọrin kí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń kàwé tó ní, "Bàbá Kíláàsì, ẹ̀gà yín mà tóbi o."

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àìsàn dé bá ìyàwó mi. Mo ń sáré láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, mo ń jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọrùn ọwọ́ mi kan náà mú, ó ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó dúró tì wá kò padà bí erin; ó mú ìyàwó mi lọ.

Ẹ̀gà ṣì ń wá sóko mi. Bí mo bá gbé páànù, ẹ̀rù ọjọ́ erin yẹn á tún dé, màá sì fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ ara mi mú.