Màámi Bọ́ Sínú Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé omi ti gbé màámi lọ lónìí!

Èmi, ọkọ mi àti màámi la kúrò ní Festac láàárọ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìgbafẹ́ kékeré kan ní erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà. Nítorí màámi la ṣe lọ. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Alákijà, wọn kì í sinmi.

A tẹ́ ẹní fún wọn lábẹ́ igi àgbọn. Mo lọ gba mínírà tútù wá. Nígbà tí mo máa padà dé, bàtà àti ìborùn wọn nìkan ló kù lórí ẹní.

Mo wo iwájú. Orí màámi ni mo rí láàárín omi!

Mo figbe ta. Ọkọ mi ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, òun tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá.

Àfi bí màámi ṣe yíjú sí wa, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń pariwo fún?"

"Màámi! Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, kì í ṣe Festac. O ò bi mí rí ni."

Ni wọ́n bá tún padà sínú omi. Mo jókòó sí etí ọ̀sà, mò ń wò wọ́n bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ẹ má bèèrè fọ́tò o, fíìmù ti tán nínú kámẹ́rà.

Ẹ sọ tiyín fún mi: kí lẹ dàgbà tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ìyá yín mọ̀ ọ́n ṣe?