Bẹ́ǹṣì Inú Kóòṣì Ẹgàn

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú kóòṣì ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pa tì sínú ọgbà kan ní Ẹgàn, lẹ́bàá Ìgándò. Èmi àti bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ọgbà náà nìkan la wà níbẹ̀.

Ojú irin kò gba Ẹgàn kọjá. Ọkùnrin olówó kan ló ra kóòṣì mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń ta àwọn tó ti gbó, ó fi ọkọ̀ àjàgbé kó wọn wá, ó ní òun máa fi wọ́n ṣe ilé ìtura. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ tó fi kú. Koríko hù títí ó fi kan ojú fèrèsé.

Iṣẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni mò ń ṣe ní Ìkòtún. Ẹ jókòó, ẹ gbójú sókè, ó ti tán. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò fẹ́ràn kí n máa jókòó sílé lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa ń gbé kámẹ́rà onífíìmù tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ sí ọgbà náà, mo sì máa ń ya inú àwọn kóòṣì yẹn ní dúdú àti funfun. Tí mo bá fi fóònù yà á, ìpẹtà àti ìdọ̀tí nìkan ló máa ń hàn. Ní dúdú àti funfun, èèyàn á rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú fèrèsé bọ́ sórí bẹ́ǹṣì onípákó, á sì rí ibi tí ẹ̀yìn èrò ti jẹ́ kí pákó máa dán.

Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin rí. Wọ́n máa ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò láti Ìdó títí dé Ọ̀fà, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Bàbá Rélùwéè. Wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, àfi pé kí n nu ẹsẹ̀ kí n tó wọ kóòṣì.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bèèrè. Àwọn ọmọ olówó náà ti ta ọgbà, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti gé gbogbo kóòṣì náà.

"Yà mí níbí," bàbá sọ. "Èyí tí wọ́n máa lò fún kàlẹ́ńdà àdúrà ọjọ́ kẹjọ mi."

"Bàbá, ẹ ṣì máa pẹ́ láyé."

"Àmín. Yà mí ná. Èyí tí ọmọ mi fi fóònù yà, ẹ̀bà ni mò ń jẹ nínú ẹ̀. Ṣé ẹ̀bà ni wọ́n á máa wò lára ògiri?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó mi kú, fọ́tò tó dáa la wá tì. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń dúró sí pẹ̀lú mi, òun ló ń bá oníbàárà tún kọ́là ṣe. Èyí tí a rí lò, inú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíì la ti gé e jáde. Ọwọ́ ẹnì kan wà léjìká rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Àyè fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù mi. Ìmọ́lẹ̀ inú kóòṣì kéré, nítorí náà ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo sọ fún bàbá pé màá ka ení dé ogún, pé kí wọ́n má mira rárá. Ẹni tó bá mira, ńṣe ló máa dà bí èéfín nínú fọ́tò.

"Ṣé mo lè mí?"

"Ẹ lè mí, sà."

"Ó dáa. Mo ti rò pé a ti bẹ̀rẹ̀ ìsìnkú náà ni."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún. Mo ṣí ojú kámẹ́rà. Mo ti ka èje nígbà tí ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àna wa."

Àlàájà kan ni, ìyá ọkọ ọmọ bàbá, tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn. Kí n tó ka ẹ̀jọ, bàbá ti dìde, wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n ti tẹ̀ ba.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlàájà. Ilé ńkọ́? Ọkọ ọmọ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Àlàájà dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kà á dé ogún, torí fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn kò ṣeé dá padà.

"Bàbá, ṣebí mo ní ẹ má mira."

"Àna mi ni. Ṣé kí n jókòó bí ère kí àna mi máa kí mi? Àbí ìwọ lo máa bá ọmọ mi gbé nílé ọkọ?"

"Ẹ má bínú jàre, ọ̀gá fọ́tò," ni Àlàájà wí. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ti dè wọ́n mọ́lẹ̀."

Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, bàbá bi mí bóyá fọ́tò náà máa jáde. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́.

Ilé ìwẹ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti máa ń fọ fíìmù. Mo fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo tẹ ẹyọ kan, mo gbé e sábẹ́ iná. Bẹ́ǹṣì jáde, fèrèsé jáde, kódà ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù kọ́ jáde. Bàbá ò jáde. Èéfín ló wà lórí bẹ́ǹṣì, èèyàn sì ń rí fèrèsé láti inú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti yà nínú àwọn kóòṣì yẹn, òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé irú rẹ̀ kọ́ sára kàlẹ́ńdà bàbá rẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ki fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹgàn. Àwọn onírin ti gé òrùlé kóòṣì kan. Bàbá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú fìlà àná lórí. Mo mi orí.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Àna."

Mo bẹ àwọn onírin, wọ́n bá mi gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn jáde sí gbangba, níwájú kóòṣì tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Bàbá fi ọwọ́ nu bẹ́ǹṣì náà, wọ́n jókòó.

"Ṣé kí n má mira?"

"Oòrùn wà níbí, bàbá. Kò ní pẹ́. Ẹ kí ẹni tó bá wù yín."

Ẹnì kan kí wọn láti ojú títì. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń dáhùn, mo sì yà wọ́n.