Etí Ìrù Bàálù àti Oko Bàbá Mi

Tí bàálù tí mo fi fóòmù kàn bá wà nílẹ̀, kò ní àbùkù kankan. Ó di òkè kí ìrù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kámẹ́rà kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀ á wá mú àwòrán tó dà bí omi tí wọ́n sọ òkúta sí.

“Ṣé ẹyẹ rẹ mu búrúkùtù ni?” bàbá mi bi mí.

“Kò mutí, Bàbá. Etí ìrù rẹ̀ ló fẹ̀ jù.”

“Tún un ṣe o. Iṣu kì í dúró de ènìyàn.”

Àwọn ajínigbé jí aládùúgbò oko wa gbé lẹ́yìn tí a gbin iṣu, tí a sì ri ọ̀pá sí i tán. Láti ìgbà náà, bàbá mi kò dé oko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àpáta, ní ìtòsí Kábbà. Àkókò àtiwa iṣu tuntun ti wá tó. Ó ní òun yóò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí bàálù kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ènìyàn wà níbẹ̀.

Etí ni mo ń pe pẹlẹbẹ kékeré tó ń yí sókè sódò lẹ́yìn apá àti lẹ́yìn ìrù. Òun ni bàálù fi ń gbọ́rọ̀. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti gé etí ìrù tó ìdajì ìrù fúnra rẹ̀, torí mo rò pé bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe gbọ́rọ̀ tó. Ó wá ń gbọ́rọ̀ jù: bí àtàǹpàkò mi bá kan rìmóòtù lásán, imú bàálù á ta sókè. Mo dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, mo fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo di etí náà mú tí mo mì ín ni mo rí ohun tó ń ṣe é. Sípókù kẹ̀kẹ́ ni wáyà tó ń tì í, ihò tí wáyà náà gbà kọjá lára ike tó so ó mọ́ etí sì fẹ̀ jù ú lọ. Àlàfo náà kò ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n lójú afẹ́fẹ́, ó pọ̀. Mo gé ike mìíràn lára gálọ́ọ̀nù, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ú, wáyà sì há sínú rẹ̀ gírígírí.

Láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì jí, èmi àti bàbá mi gun àpáta. Bàálù lọ jẹ́jẹ́, ó yí oko po, ó padà. Inú mi dùn débi pé mo ń pariwo. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà sórí fóònù, ó mọ́ débi pé mo lè ka ọ̀pá iṣu.

“Bàbá, ẹ wò ó! Kò sí ẹnì kankan. Ewé iṣu yín tutù yọ̀yọ̀.”

Ó gba fóònù, ó wò ó pẹ́. “Mú un tóbi sí i.” Ó fi ìka kan ebè kan, ó kan òmíràn. Erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn dúdú, wọ́n sì ti gbá a pọ̀ dáadáa.

“Wọ́n ti wa á.”

“Olè ni?”

“Olè kì í bo ebè.”

Lọ́dọ̀ wa, tí a bá wa iṣu àkọ́kọ́, abẹ́ orí la ti ń gé e. A ó fi orí sílẹ̀ pẹ̀lú ewé rẹ̀, a ó tún erùpẹ̀ bò ó, kí ó lè ta èébù tí a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Olè á fà á tu, á sì sá lọ. Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé òun yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà èébù.

“Ṣé kí n tún rán an lọ lọ́la? Mo lè jẹ́ kí ó fò sísàlẹ̀ sí i.”

“Rárá. Wọn yóò gbójú sókè.”

“Okun o,” ìyá mi kí wa nígbà tí a délé. Bàbá mi ní kí ó ra iṣu bọ̀ tí ó bá lọ sí ọjà.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. “Àgbẹ̀ ń ra iṣu! Èwo ni ti àwàdà yín láàárọ̀ yìí, bàbá àwọn ọmọ?”

Bàbá mi jókòó. Ó ń tú okùn bàtà oko rẹ̀. Ìyá mi wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.