Ẹ̀fọn Ò Mọ Ọmọ Onílé

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀n ẹ̀fọn ló ń rán jẹun. Ìyá Aláwọ̀n ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é, débi pé bí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má tètè dáhùn. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan kọjú sí fèrèsé níbẹ̀, tábìlì tó fi ń gé aṣọ gba ìdajì yàrá, àwọ̀n funfun àti aláwọ̀ ojú ọ̀run sì wà ní ìdì-ìdì lẹ́bàá ògiri. Aṣọ òwú tó nípọn ló máa ń fi ṣe ìṣẹ́tí wọn, kí ó lè wúwo, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e sókè.

Àwọn arìnrìn-àjò ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀: awakọ̀ tó ń sùn lójú ọ̀nà, oníṣòwò tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, àtàwọn tó ń ti ìlú òtútù bọ̀ wá sinmi. Kò sí ẹni tó ra àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í gba ìkìlọ̀ mọ́ ọn bí èènì.

"Tóòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn," ni yóò wí. "Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, torí ọrùn ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ẹ fi oògùn tó ń lé e pa ibi tí aṣọ ò bò. Kí ẹ sì ki etí àwọ̀n yìí bọ abẹ́ ibùsùn yíká. Àwọ̀n tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, aṣọ ìkélé ni."

Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ mà mọ ìwà ẹ̀fọn o. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún yín ni?"

"Òun ló sọ fún mi. Ìgbà tó jẹ mí yó tán ló tó sọ ọ́."

Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó tọ́ ọmọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì ti mọ ohun tí ń jẹ́ ìyá. Ó ń pọ̀n ọ́n ránṣọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ni ọmọ ń mì lẹ́yìn, títí oorun á fi gbé e lọ. Nígbà tó wá mọ ìrìn, eré ló ń sá kiri ilé. Kò mọ tábìlì, kò mọ abẹ́rẹ́. "Jẹ́jẹ́ o! Jẹ́jẹ́!" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo tẹ̀lé e láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò bá gba ariwo yẹn, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ rẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe di Jẹ́jẹ́ nìyẹn, ẹni tí kò ṣe jẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Nígbà tó ní òun ti rí iṣẹ́ sí ìlú òtútù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí.

"Ìlú tó tutù tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi fíríìjì ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìta ló tutù. Inú ilé wọn gbóná ju ilé tiwa yìí lọ!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ tán, obìnrin náà padà wọlé, ó jókòó ti ẹ̀rọ, kò sì lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Jẹ́jẹ́ gbé ìyàwó níbẹ̀, ó bí ọmọbìnrin kan. Ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú kọ́ fóònù. Ìgbà tí ọmọ náà ti tó ilé ìwé lọ dáadáa ni Jẹ́jẹ́ tó rí àyè mú un wá sílé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò fún un láyè, kò lè bá wọn wá. Ó pe Ìyá Aláwọ̀n ṣáájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mójú tó àwọn méjèèjì o. Mo ti gba oògùn tí kò ní jẹ́ kí ibà mú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wọ́n tó kúrò níbí, kí wọ́n sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà dé. Tọmọ ò ṣòro. Bàbá ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù."

"Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, ìyàwó mi," ni Ìyá Aláwọ̀n dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n dé, ó pariwo. Ọmọ náà jọ ìyá wọn tó ti kú bí ìmumu, àfi bí ẹni pé wọ́n gé imú mọ́ imú. "Ìyá mi dé!" ló ń ké, tó gbé e mọ́ra, tí kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọ̀n tuntun méjì ló ti rán sílẹ̀. Ọmọ wọ inú tirẹ̀, ó jókòó sí àárín bí ọba, ó ní ilé òun nìyí, kí ẹnikẹ́ni má wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá fẹ́ ki etí àwọ̀n bọ abẹ́ ibùsùn, á kọ́kọ́ fi ìka kan igi bẹ́ẹ̀dì, kò, kò, kò.

"Ta nìyẹn?" ni ọmọ á bèèrè.

"Èmi aláwọ̀n ni o."

"Ẹ wọlé. Ẹ̀fọn má bá yín wọlé o!"

Ti Jẹ́jẹ́ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sun inú àwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ká a sórí àga.

"Ooru yẹn pọ̀ jù, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣe ló ń ṣe mí bí ẹja tí wọ́n mú lódò."

Ìyá Aláwọ̀n ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á. Jẹ́jẹ́ bá ń sùn sórí ẹní ní pálọ̀, ó kọjú fáànù sí ara rẹ̀. Bí iná bá sì lọ, tí fáànù dúró, oorun á ti wọ̀ ọ́ lára, kò ní mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ gan-an ló burú jù. Onígbàjámọ̀ kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Jẹ́jẹ́ láti kékeré. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí lójoojúmọ́, lẹ́bàá gọ́tà, Jẹ́jẹ́ nínú ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ń rántí ìwà ìpátá tí wọ́n hù nílé ìwé. Ìyá Aláwọ̀n á gbé ṣòkòtò gígùn lọ bá a níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò oògùn ìpara.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń dójú tì mí o. Ẹ̀fọn àdúgbò yìí ló jẹ mí dàgbà! Ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣàjèjì sí wọn."

Onígbàjámọ̀ á dá sí i: "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Ọmọ onílé ni."

"Ẹ̀fọn ò mọ ọmọ onílé," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì tó ń ra àwọ̀n lọ́wọ́ mi ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní ara tó ti kúrò nídìí ẹ̀fọn tipẹ́, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ibà jà. Àlejò ni ọ́ lójú wọn báyìí, Jẹ́jẹ́. Ṣé o tiẹ̀ ń lo oògùn tí ìyàwó ẹ kó fún ọ?"

"Mò ń lò ó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó, ẹ bá wa ṣeré."

Ó jókòó. Ó rí i bí inú àbúrò rẹ̀ ṣe dùn, bí ó ṣe ń fi ọwọ́ gbá itan tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ronú pé àgbàlagbà ni, bàbá ọmọ ni, ìsinmi rẹ̀ ò sì gùn. Kò fẹ́ kó jẹ́ ìjà ni yóò fi rántí ilé. Ó gbé ṣòkòtò náà lé itan ara rẹ̀, ó sì bá wọn ṣeré.

Wọ́n padà lọ. Ilé pa lọ́lọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti padà dé ìlú òtútù, Jẹ́jẹ́ pè. Ìyá Aláwọ̀n fi fóònù há àárín etí àti èjìká, ó ń ránṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó gbọ́ mú kó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Eyín àbúrò rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Òtútù ìlú yìí ni. Ara mi ló gbàgbé ẹ."

"Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ara ẹ ń gbóná?"

"Dókítà ti wò mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọ̀fìnkìn ló wà níta, ó ń mú gbogbo èèyàn. Ó ní kí n máa mu omi, kí n sinmi."

"Ṣé o sọ fún un pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni?"

"Kò bi mí."

"Dìde nísinsìnyí. Padà lọ, kí o ní kí wọ́n wo ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ."

"Màá lọ lọ́la. Ara mi ò gbé e lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sùn ná."

"Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́."

Kíá ló pe ìyàwó rẹ̀, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ti fóònù mọ́ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ìgbà tí ìyàwó náà fi délé, Jẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ó ń bèèrè ẹni tó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí ibà náà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì sa gbogbo ipá wọn. Ṣùgbọ́n ó ti wọ ọpọlọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Jẹ́jẹ́ kú.

Ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Onígbàjámọ̀ ló pè. Ọkùnrin náà wọlé, irun oníbàárà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láì kí i.

"Ìyá," ló wá wí, "ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró ná."

Ìyá Aláwọ̀n ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó ń wo ògiri. Onígbàjámọ̀ ló bú sẹ́kún, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn.

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀! Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́!"

Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, ó ti bọ́, ó ti fọ́, kò ṣeé ṣà jọ. Síbẹ̀ obìnrin náà dìde, ó lọ jókòó tì í, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. "Kì í ṣe ìwọ. Dákẹ́. Kì í ṣe ìwọ lo pa á." Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sọ ọ́, kí ẹkún tirẹ̀ tó wá dé.

Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Orí fóònù onígbàjámọ̀ ni Ìyá Aláwọ̀n ti wo ìsìnkú náà. Ilẹ̀ funfun, ẹnu àwọn tó dúró ń rú èéfín. Ohun tó ń ro ni pé ilẹ̀ yẹn á tutù, wọn ò sì fi nǹkan bò ó.

Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n á padà.

Nígbà tí ìyàwó Jẹ́jẹ́ rí àyè, òun àti ọmọ wá. Ọmọ ti ga sí i. Lọ́jọ́ kejì, bí ọmọ ṣe ń sùn lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ṣí báàgì, ó mú páálí oògùn kan jáde. Wọn ò tíì já a.

"Inú àpò kóòtù rẹ̀ ni mo ti bá a, Ẹ̀gbọ́n. Tọmọ nìkan ló ń rántí. Kò fo tọmọ rí. Tirẹ̀ rèé." Ó mí kanlẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé mo bá wọn wá ni…"

"Ìyàwó mi, èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo gbé ṣòkòtò lọ́wọ́, n kò lè wọ̀ ọ́ fún un."

Wọ́n sunkún lọ́sàn-án yẹn, àwọn méjèèjì, láìsí pé ẹnì kan ń ní kí ẹnì kejì dákẹ́. Ẹkún náà ò tún nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, ọmọ sì wà nílé. Wọ́n dìde, wọ́n ń ti fèrèsé.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Ìyá Aláwọ̀n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà ẹ̀fọn mọ́. Bí ẹnì kan bá ra àwọ̀n fún ọmọ rẹ̀, á bi í pé, "Tìrẹ ńkọ́?" Á sì fi kún un pé: "Tó o bá padà délé, tí ara ẹ gbóná, sọ ibi tó o ti ń bọ̀. Má dúró kí wọ́n bi ọ́." Àwọn kan ń gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìlú yìí ni wọ́n bí òun sí. Ó san owó àwọ̀n ọmọ rẹ̀ nìkan, ó dágbére, ó sì jáde. Ìyá Aláwọ̀n tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.