Ẹ́ńjìnnì Méjì Lẹ́bàá Igi Apá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga tó ètè kòtò tí wọ́n fi ń la pákó, lẹ́búlẹ́bú igi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Iṣẹ́ gẹdú ni bàbá mi ń ṣe. Nínú oko tó wà láàrin Rore àti Òmù-Àrán, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé ìtì igi dábùú orí ẹ̀. Ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kan á bọ́ sínú kòtò, àwọn méjèèjì á wá máa fa ayùn ọlọ́wọ́ méjì lọ sókè sódò láti àárọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú ń dà lé lórí. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sókè, èmi bọ́ sísàlẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Bí èèyàn méjì bá ti jọ fa ayùn báyẹn pẹ́, wọn ò nílò ọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, mo ti mọ̀ nínú ọwọ́ mi kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀.

Wàá ní, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lo bi mí. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Lánàá tó o béèrè irú ẹ́ńjìnnì agégi tó yẹ kó o rà fún igi ńlá tí ìjì wó sẹ́yìn ilé, o rí i pé mo dìde, mo wọlé. Inú ò bí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti pẹ́ nínú mi. Mú bírò ẹ, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ní a kì í ṣe ara Kàdúná mọ́, pé Ìlọrin la ó máa lọ fún ọ̀rọ̀ ìjọba, pé Kwara lorúkọ wa báyìí, ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì agégi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin oníṣòwò gẹdú kan ní Òmù-Àrán ló ní in. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a ṣiṣẹ́, wọ́n jọ wọ igbó Oǹdó, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tó padà dé, apá ẹ̀ ti ki, ó wá ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tí etí ẹ̀ ń di. Ìyá wa á ní, "Ọmọ mi, èmi kì í ṣe igi o. Má pariwo lé mi lórí." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún pariwo, "Ẹ má bínú, ìyá mi!"

Ọdún kan, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìjì ńlá jà, ó wó igi apá tó wà lókè odò wa. Ẹ̀yin ò bá igi yẹn. Àwa ọmọkùnrin ilé máa ń di ọwọ́ ara wa mú láti yí i ká, ọwọ́ ò ní í pàdé. Bó ṣe ṣubú, ó dábùú ọ̀nà odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ da gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Igi náà ò sì balẹ̀ tán, ẹ̀ka ẹ̀ ló gbé e ró. Ó wà níbẹ̀ bí ẹni tó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, tó ń ronú àtidìde. Àwọn obìnrin ò rọ́nà pọnmi mọ́, inú igbó ni wọ́n ń gbà yí ká, títí ejò fi bu ìyàwó ilé kan jẹ. Obìnrin náà yè é, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ́ńjìnnì méjì ló gbé wá láti Òmù-Àrán. Ọ̀kan ti gbó, ó wúwo, irin tí ṣéènì ń yí lára ẹ̀ gùn gbọọrọ, ìdí ẹ̀ sì ki bí ìdí ìkòkò. Èkejì kéré, ó pupa, tuntun ni, ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé méjèèjì wá kó lè rí igi kó tó yàn. Ó rìn yí igi náà ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Wò ó," ló wí, "bó o bá fẹ́ yan ẹ́ńjìnnì, má wo bó ṣe rẹwà. Ibi tí wàá dúró sí ni kó o wò. Igi yìí fẹ́ yí lọ sódò. Eléyìí tó gùn, irin ẹ̀ á la igi já láti apá òkè níbí, mi ò ní í dé ìsàlẹ̀ rárá. Kékeré yìí, irin ẹ̀ ò lè là á já. Bí mo bá gé e lókè tán, àfi kí n lọ sísàlẹ̀ lọ gé ìyókù. Ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí ọmọ èèyàn ń dúró sí."

"Èyí tó gùn nìyẹn," ni mo wí.

"Èyí tó gùn ni. Á fọ́ mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ríro á san."

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí, wà níbẹ̀. Ọmọ ìjọ ni ìyá wa, àwọn míṣọ́ọ̀nù ló rì wọ́n bọmi. Ní ti bàbá àgbà yìí, wọn ò fi ìṣe àwọn baba wọn sílẹ̀. Nílé wa láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan igi ńlá, wọ́n á fi àáké ti ìdí ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á sì lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àáké ṣì dúró, igi ti gbà. Bí àáké bá ti ṣubú, igi kọ̀, kò sẹ́ni tó máa gé e.

"Igi tó wó ò tíì kú," ni bàbá àgbà wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi í."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àáké lẹ fi ń bi í. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àáké."

"Ṣé ó ń gé igi àbí kì í gé igi?"

"Ó ń gé e, bàbá."

"Àáké òyìnbó nìyẹn. Méjì lo sì gbé wá. Jẹ́ kí igi yan èyí tó bá fẹ́."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, Ọlọ́run ló ń yàn fún ọmọ mi."

"Ìyàwó wa, mi ò bá Ọlọ́run jà. Igi Rẹ̀ náà ni mo fẹ́ bi."

Má rò pé èèyàn búburú ni bàbá àgbà o. Àwọn ló tọ́ wa lẹ́yìn ikú bàbá mi. Nínú gbogbo ọmọ agboolé, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fẹ́ràn jù. Torí kí nǹkan má bàa ṣe é ni wọ́n ṣe fẹ́ bi igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti ara igi apá, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń sọ, gbogbo wa lọ sílé. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, èyí tó gùn ti ṣubú, ó dojú bolẹ̀ nínú ìrì. Pupa kékeré dúró ṣánṣán.

Àwọn obìnrin sọ ìkòkò wọn kalẹ̀. Bàbá àgbà na ọwọ́ sí èyí tó pupa.

"Igi ti wí tiẹ̀," wọ́n ní.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ohun tó ń rò ni mò ń rò: ohun tí ìdí ẹ̀ wúwo tó báyẹn, tí ìdí náà sì rí róbótó, lórí ilẹ̀ tó da gẹ̀ẹ́rẹ́, kí ni ò ní í mú un yọ̀ ṣubú? Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn lójú ẹni tó tọ́ ọ, níwájú gbogbo ẹbí? Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé èyí tó pupa.

Ìyá wa ní, "Mú èyí tí ọkàn ẹ fẹ́."

"Ẹ má dààmú, ìyá mi. Màá rọra."

A kó òkúta jọ, a fi ti abẹ́ igi. A ri èèkàn mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ó gé apá òkè títí oòrùn fi mú, lẹ́búlẹ́bú ń tú jáde wùù. Ibi tí irin ẹ̀ mọ ló dúró. Ó gbé ẹ́ńjìnnì, ó yí igi po, ó bọ́ sí apá ìsàlẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó gbójú sókè wò mí. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun ló ń wà lókè, èmi ni mò ń wà nísàlẹ̀. Mo rò pé òun náà rántí, torí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Igi ké. Ohùn ẹ̀ ò pọ̀. Òkúta kan yẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Kò yí jìnnà, ìwọ̀nba tó tó láti tẹ ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀ ló yí.

Ẹ́ńjìnnì pupa ti fò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ó bọ́ sínú koríko. Kò kú. Ó ń dún níbẹ̀, kò gé nǹkan kan, ó kàn ń kùn bí ẹni tó ń ráhùn. Àárín ariwo àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, kò pariwo, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti Oǹdó dé.

"Àbúrò. Gbé èyí tó gùn. Dúró lókè. Má sáré."

Mi ò dá a lò rí. Mo fa okùn ẹ̀, kò dáhùn, mo tún fà á, ó jí. Mo dúró lápá òkè, mo gé igi lẹ́bàá ibi tó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irin náà sì là á já gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀. Ẹnì kan di ìbàdí mi mú látẹ̀yìn kí n má bàa ṣubú. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá àgbà ni.

Bí igi ti já, àwọn ọkùnrin tì í dà nù, a fa ẹ̀gbọ́n mi jáde. Mo pa ẹ́ńjìnnì ọwọ́ mi. Èkejì ṣì ń dún nínú koríko. Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn lọ pa á. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán mú ejò, wọ́n gba ọ̀nà ibòmíì kọjá.

Orí pákó tí èmi àti òun jọ là la gbé e sí. Títì ọlọ́dà la ń gbé e lọ, ká lè rí mọ́tò táá gbé e dé ọsibítù ní Òmù-Àrán. Bí a ṣe ń gun òkè, mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn wa. Apá orí ni mo dì mú. Kí a tó dé títì, pákó náà wúwo lójijì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo mọ̀ nínú ọwọ́ mi.

Àwọn tó dúró sódò sọ pé ó dún títí epo pẹtiróò inú ẹ̀ fi tán. Wọ́n ní ìgbà tó dákẹ́ ni àwọn tó tún gbọ́ ohùn omi.

Lẹ́yìn tí a sin ín, bàbá àgbà máa ń lọ jókòó sórí ìtì apá yẹn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí, "Ọmọ mi, ṣé igi ló purọ́ fún mi, àbí èmi ni mi ò gbọ́ ohun tó sọ?" Mo fẹ́ fún wọn lésì. Ẹ́ńjìnnì tó gùn ṣì wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán ò tíì wá gbé e. Mo gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo fi ti ara igi níbi tí wọ́n fi tì í gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ṣubú. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó ṣubú. Inú mi dùn. Mo ní n ó lọ sọ fún bàbá àgbà pé kì í ṣe igi, kì í ṣe àwọn, ìdí ẹ́ńjìnnì ló wúwo, pé kí wọ́n sinmi. Mo ní kí n tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró.

Mo dúró síwájú ẹ̀ títí ìrì fi gbẹ lára ẹ̀. Mo gbé e, mo lọ sílé. Mi ò sọ nǹkan kan fún bàbá àgbà. Kí ni ǹ bá sọ? Wọn ò jẹ iṣu tuntun ọdún yẹn tí wọ́n fi lọ.

Ayé ti yí. Obìnrin kankan ò lọ sódò yẹn mọ́, ẹ̀rọ omi ti wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, koríko ti bo ọ̀nà. O fi ẹ́ńjìnnì tuntun hàn mí nínú fóònù, wọ́n ní ó ní bíréèkì tó ń dá ṣéènì dúró, wọ́n ń ta akoto mọ́ ọn, wọ́n ń ta bàtà. Ó dáa. Ì bá ti wà nígbà náà. Igi apá ni ò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi igi ní nǹkan kan. Mi ò sọ pé ó burú.

Èyí tí irin ẹ̀ gùn tó láti la igi yẹn já láti apá kan ni kó o rà. Bó bá wúwo jù fún ẹ, pe ẹni tí apá ẹ̀ ká a. Apá òkè ni kó o dúró sí. Má dá nìkan lọ. Bó o bá gé díẹ̀ tó o fẹ́ sinmi, pa á kó o tó gbé e sílẹ̀, mi ò fẹ́ jókòó sínú ilé kí n máa gbọ́ ọ tó ń dá dún. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tí iṣẹ́ ò tíì tán, gbé e wọlé, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja.

Má fi ti igi.