Ọjọ́ Tí Wọ́n Pa Jẹnẹrétọ̀ fún Mi

Mo rántí ìgbà tí òpópónà wa lẹ́yìn Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, ní orúkọ méjì. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ń pè é ní orúkọ tí àwọn bàbá wa fún un. Àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú ń pè é ní Àdúgbò Ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Adó. Olùdarí eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń yà níbẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó kun àwọn ilé wa ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó gbé pátákó orúkọ sí ẹnu ọ̀nà, ni àwọn ọlọ́kadà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi èrò pé, "Ṣé Ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ ń lọ?" Ọdún ń gorí ọdún, eré náà kò parí.

Èmi náà wà nínú rẹ̀. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, mo ń gbé pẹ̀lú màmá mi nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ilé wa ni olùdarí fẹ́ràn jù, nítorí fàráńdà rẹ̀. Ó fi mí ṣe ìyàwó ilé tí wàhálà kì í tán lọ́rùn rẹ̀: lónìí olè, lọ́la ọkọ oníjà, lọ́túnla ilé ń jóná. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa kígbe. Ẹ má bi mí bí orí mi ṣe wú tó. Bí mo bá ń lọ sọ́jà tí ọmọ kan nàka sí mi, màá ṣe bí ẹni tí kò rí i, màá sì tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kígbe "Iná! Ẹ gbà wá o!", gbogbo òpópónà ló tú jáde. Bàbá tíṣà tó ń gbé ọ̀kánkán wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣíwájú wọn. Omi ń dànù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n bá lẹ́nu mi. Olùdarí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pè wọ́n jọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá ti gbọ́ igbe mi, kí ẹnikẹ́ni má jáde mọ́, kí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ kí ariwo má bàa ba ohùn jẹ́. Wọ́n gbà, èèyàn ire ni wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti lanu, màá máa gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè òpópónà dé ìsàlẹ̀. Bàbá tíṣà ló wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: "Ẹ pa á, ẹ pa á, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Màmá mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í sábà jáde ní yàrá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Olùdarí wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èdè Èkìtì nínú eré rẹ̀, ó ní gbogbo Yorùbá ló ń wò wá. Nígbà tí mo pe iná ní "uná", bí a ti ń pè é láti kékeré, ó dá mi dúró. "Àǹtí, iná. Iná ni kẹ́ ẹ pè é." A tún un ṣe títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n lọ tán, màmá mi pè mí wọ yàrá. "Uná la í pè é nulé wa," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, igbe yẹn ò ṣe é fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí ọ bá pè wọ́n lóòótọ́ ńkọ́?" Mo ní eré lásán ni, Màámi.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí kámẹ́rà ládùúgbò. Iná mànàmáná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń kùn níbi gbogbo, tiwa ti bàjẹ́, màmá mi sì ti tan àbẹ́là. Mò ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbóòórùn èéfín. Kí n tó wọlé, kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ti gbiná, ó ti ran àga, kò sí bí mo ṣe lè kọjá. Mo sáré gba iwájú ilé lọ sí ojú fèrèsé rẹ̀. Irin ni wọ́n fi dè é nítorí olè. Mo rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbìyànjú láti dìde. Mo fa irin náà, kò mì. Mo yíjú sí òpópónà, mo figbe ta: "Iná! Ẹ gbà wá o! Iná!" Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ló ṣe jáde.

Jẹnẹrétọ̀ kan kú. Òmíràn kú. Mo gbọ́ bí gbogbo òpópónà ṣe ń dákẹ́ fún mi. Ẹnì kan pa rédíò. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Bàbá tíṣà yọ ní fèrèsé rẹ̀. Èéfín kò yà á lẹ́nu, wọ́n máa ń sun táyà fún wa nínú eré. Ó fi ìka lé ètè fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì na àtàǹpàkò sókè sí mi pé mo ń ṣe dáadáa. Mo ní, "Kì í ṣe eré! Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe eré!" Mo ti sọ ìyẹn náà nínú eré rí.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn kò tíì kúrò lára mi. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn màmá mi ti jáde láti ẹ̀yìn irin: "Uná! Uná ò! Ẹ gbà mí, uná ò!"

Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Àdúgbò Ìfọ̀kànbalẹ̀. Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ mọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lókè. Ni gbogbo ilẹ̀kùn bá ṣí. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé dígà, wọ́n tu irin náà, wọ́n gbé màmá mi jáde. Ó ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n èéfín ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi dákẹ́ ní ọsibítù.

Olùdarí wá bá wa kẹ́dùn, ó sunkún gidi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún wá béèrè bóyá òun lè ya ògiri tó jóná náà sínú eré, ó ní ó bá ìtàn mu. Bàbá tíṣà ló lé e dé Fájuyì. Títí di òní, bàbá náà kò lè wò mí lójú.

Ọ̀nà Ìjan ni mò ń gbé báyìí, mi ò sì ṣeré mọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń ya eré náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: òpópónà wa, àwọn ilé aláwọ̀ ewé, àti màmá mi lórí àga ní fàráńdà, lọ́jọ́ kan tó jáde gba atẹ́gùn. Mo máa ń wò ó, ó sì máa ń dùn mí. Ìdákẹ́jẹ́ ni mi ò lè fara dà. Bí jẹnẹrétọ̀ ń ké ní gbogbo òru, màá sùn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn aládùúgbò ń hó pé iná ti dé, èmi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, tí mò ń tẹ́tí.